Ẹni Tí Kò Ní Aṣọ Kérésì: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹ̀yin Olórí Ìjọ Wa

Sí ẹ̀yin bíṣọ́ọ̀bù, àlùfáà, olùṣọ́-àgùntàn, wòlíì, alàgbà, bàbá ìjọ àti ìyá ìjọ jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá,

  Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín dí lásìkò yìí. Àwọn akọrin ń kọ́ orin lálaalẹ́, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn, ẹni tí yóò fọ ilé Ọlọ́run ti mọ ara rẹ̀, ẹni tí yóò so iná mọ́ ògiri ti ra wáyà, ìgbìmọ̀ sì ti jókòó ti ìṣirò owó. Mo dúpẹ́ fún gbogbo wàhálà yín. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo mú wá, kò sì ní ná ìjọ ní kọ́bọ̀. Mo ń bẹ̀ yín kí ẹ bá mi ro ti ẹni tí kò ní wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ 25 oṣù Disẹ́ńbà, ẹni tó nífẹ̀ẹ́ Jésù, tó sì máa tilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ ìbí Rẹ̀ nítorí pé ojú ń tì í.

Aránṣọ ni mí nílùú Ìbàdàn. Kò sí oṣù tí mo máa ń rí inú ọmọ aráyé bíi Disẹ́ńbà. Láti ìparí oṣù Nofẹ́ńbà ni aṣọ á ti máa rọ́ wọlé, ankara, léèsì, àdìrẹ, aṣọ ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn fẹ́ gbà lọ́jọ́ kan náà. Iná á lọ, a óò tan jẹnẹrétọ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa tòògbé lórí òkìtì aṣọ. Bí mo bá ń wọn ọmọ, ìyá rẹ̀ á dúró tì mí, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ká etí rẹ̀ sínú dáadáa, kó lè lò ó dé ọdún tó ń bọ̀." Mo máa ń ká a. Mo mọ ohun tó mú un sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Disẹ́ńbà ọdún kan tí kò tíì pẹ́, obìnrin kan mú gáùn ọmọ rẹ̀ wá. Èmi náà ni mo rán gáùn yẹn, mo sì ti tú etí rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n tún tú u. Mo yí i sódì, mo fi hàn án pé etí ti tán, ojú ibi tí abẹ́rẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ nìkan ló kù, ó fa ilà tín-ín-rín yí aṣọ náà ká. Ó wò ó, ó ká a, ó fi sínú báàgì rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà nígbà tó sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta ata lọ́jà: "Ó dáa náà. A ò ní lọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́dún yìí. A máa wà nílé, a máa tilẹ̀kùn."

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Obìnrin yìí kì í ṣe ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù o. Ó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó máa ń gbààwẹ̀, ó tilẹ̀ ti kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi rí. Mo wá àjákù ankara tó bá gáùn náà mu, mo fi ṣe etí tuntun sí i. Ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a jókòó sọ̀rọ̀, mo rí i pé gáùn ọmọ nìkan kọ́ ló ń dá a dúró. Aṣọ tí ẹgbẹ́ akọrin mú fún ọdún náà, kò rówó rẹ̀ san. Owó ìkórè tí wọ́n bù fún ìdílé wọn ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì ti ka orúkọ àwọn tó jẹ gbèsè sétí ìjọ. Ó mọ̀ pé lọ́jọ́ Kérésì, wọ́n á ní kí àwọn tó ní ₦50,000 kọ́kọ́ bọ́ síwájú, kí àwọn tó ní ₦20,000 tẹ̀ lé wọn, títí wọ́n á fi kan àwọn tó ní ₦1,000, gbogbo ìjọ á sì máa pàtẹ́wọ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń tò. "Àwọn ọmọ mi á máa wò mí," ló wí. "Wọ́n á máa retí kí n dìde."

N kò ní dárúkọ ìjọ náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi púpọ̀, ó sì ti mọ́ wa lára débi pé a kì í rí i mọ́. Àwa tí a wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà á máa wo bí ibẹ̀ ṣe kún fọ́fọ́, àga á kún, ẹ̀yìn fèrèsé á kún, a óò ní ọdún dùn. Ta ló máa ka ẹni tí kò wá?

Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní Ìwé Mímọ́, kì í ṣe èmi ni màá kọ́ yín. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín ń kà fún wa lọ́dọọdún nínú orí kejì ìwé Lúùkù. Késárì Ògọ́sítọ́sì ló pàṣẹ kí gbogbo ènìyàn lọ forúkọ sílẹ̀ nílùú baba wọn. Jósẹ́fù àti Màríà rìn láti Násárẹ́tì lọ sí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù tòyún-tòyún, wọ́n dé ọ̀hún, kò sáyè nílé èrò. Ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ ọmọ sí. Ní òru ọjọ́ náà, ta ni áńgẹ́lì lọ bá? Hẹ́rọ́dù wà láàfin rẹ̀. Àwọn olórí àlùfáà wà ní Jerúsálẹ́mù, ibẹ̀ kò sì jìnnà rárá. Áńgẹ́lì kọjá gbogbo wọn, ó lọ bá àwọn darandaran tó ń ṣọ́ agbo ẹran wọn ní pápá lóru. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé nítòsí darandaran rí mọ bí aṣọ wọn ṣe máa ń rí, ẹ sì mọ òórùn tó máa ń wà lára rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà náà ni wọ́n ṣe dìde. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wẹ̀ kí wọ́n tó wá wo ọmọ. Àmì tí áńgẹ́lì fún wọn pàápàá, àmì tálákà ni: ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ wé, tó sùn síbi tí ẹran ti ń jẹun. Irú ibẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Bó bá jẹ́ ààfin ni áńgẹ́lì rán wọn lọ, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ì bá ti lé wọn padà.

Ibì kan tún wà nínú ìtàn yẹn tó máa ń wọ̀ mí lákínyẹmí ara, a kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ Màríà pé, wọ́n gbé ọmọ lọ sí tẹ́ńpìlì. Nínú Léfítíkù orí 12, òfin ní kí obìnrin tó bá bímọ mú ọ̀dọ́ àgùntàn wá fún ẹbọ. Bí agbára rẹ̀ kò bá ká àgùntàn, kó mú àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Lúùkù jẹ́ ká mọ̀ pé ti ẹyẹ ni Màríà àti Jósẹ́fù ṣe. Ìyá Olúwa wa wọ ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ọrẹ ẹni tí kò ní. Ẹ bá mi fojú inú wò ó ká ní wọ́n ti dúró níwájú lọ́jọ́ náà pé kí àwọn tó mú àgùntàn wá kọ́kọ́ jáde. Ní gbogbo àsìkò tí wọ́n bá fi ń pàtẹ́wọ́, ẹ̀yìn ni Ọmọ Ọlọ́run á wà, ní apá ìyá Rẹ̀, láàárín àwọn tí wọn kò tíì pè.

Àwọn arúgbó méjì ló sì dá A mọ̀ nínú gbogbo èrò tó wà ní tẹ́ńpìlì, Síméónì àti Ánà. Màá padà sórí Ánà.

Bákan náà ni Kérésìmesì ṣe wọ ilẹ̀ tiwa. Gbogbo wa la mọ ìtàn Àgbádárìgì, àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọ síbẹ̀ lọ ya fọ́tò níbi tí igi àgíá wà kó tó wó lọ́dún 1959. Thomas Birch Freeman, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tí baba rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní oṣù Sẹpítẹ́ńbà 1842. William de Graft, ọmọ ilẹ̀ Gánà, ló bá a wá. Nígbà tó di Disẹ́ńbà, Freeman gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ olórí àwọn Ẹ̀gbá sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Nígbà tó fi máa padà dé Àgbádárìgì lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la, Henry Townsend ti ìjọ Áńgílíkà ti dé síbẹ̀ láti Sàró. Wọ́n jọ ṣe ọdún náà pọ̀. Ìjọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Kérésìmesì kan.

Ṣùgbọ́n ta ló pè wọ́n wá? Ibí yìí gan-an ni mo ń bọ̀. Àwọn tí wọ́n ti tà lẹ́rú ló pè wọ́n. Ọmọ Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn, ogun kó wọn, wọ́n kó wọn dé etíkun, wọ́n dì wọ́n sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ lórí òkun, tí wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown, nílẹ̀ Sàró. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ti Jésù. Nígbà tí wọ́n rí owó díẹ̀ kó jọ, àwọn kan lára wọn dá owó jọ ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, irú ọkọ̀ tó gbé wọn lọ náà, wọ́n sì fi wọ̀lú padà láti nǹkan bí ọdún 1839. Àwọn wọ̀nyí, tí a wá ń pè ní Sàró, ló kọ̀wé sí Freetown pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Nínú ilé wọn ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ṣọ̀fọ̀ wọn tán, wọ́n ti pín ogún wọn, wọ́n ti gbà pé òkú ni wọ́n. Àwọn "òkú" yẹn ló bẹ̀bẹ̀ fún Kérésìmesì tí a ń jẹ lónìí.

Ẹ sì wo Àjàyí Crowther. Ọmọ kékeré ni nígbà tí ogun kó Òṣóògùn lọ́dún 1821. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tó dàgbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì bá òun lóko ẹrú débi pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun. Ọmọ tí ayé sú tó bẹ́ẹ̀ ló gba ìrìbọmi lọ́jọ́ 11 oṣù Disẹ́ńbà 1825, nínú oṣù Kérésì gan-an. Nígbà tó di oṣù Ògọ́ọ̀sì 1846, ó ti di àlùfáà, ó wà ní Abẹ́òkúta, ni ìyá rẹ̀, Àfàlá, bá wá bá a. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Crowther kọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu àwọn, àwọn kàn di ara àwọn mú, àwọn ń wo ara àwọn. Lọ́dún 1848, ìyá náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì. Ọmọ rẹ̀ yìí náà ló ṣe ọ̀gá nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá tó parí lọ́dún 1884, inú rẹ̀ la sì ti ń ka orí kejì Lúùkù lọ́jọ́ ọdún.

Bí mo bá ronú kan Àfàlá, mo máa ń bi ara mi pé kí ni ìyá yẹn wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìsìn. Obìnrin tí wọ́n ti mú lẹ́rú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti rà padà. N kò rò pé ẹnikẹ́ni bi í léèrè aṣọ.

Mo ní màá padà sórí Ánà. Òun ni mo fi mọ ohun tí mo ń sọ.

Ọdún tí ọkọ mi kú, n kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Kérésì sétí. Aṣọ dúdú ló wà lọ́rùn mi, àwọn ẹbí sì ti ní opó tó ń ṣọ̀fọ̀ kì í lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti wà lábẹ́ ìbòrí láti ọjọ́ ìsìnkú. Inú ń bí mi sí Ọlọ́run. Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa wá kan ilẹ̀kùn. Opó ni òun náà, ó ti pẹ́ tó ti ń dá gbé. Kò wàásù fún mi. Ó ní, "Dìde, jẹ́ ká lọ." Mo ní, "Mọ́mì, aṣọ ọ̀fọ̀ ló wà lọ́rùn mi." Ó ní, "Mo rí i. Wọ bàtà rẹ."

Ó mú mi lọ síwájú pátápátá, níbi tí àwọn ìyá ìjọ máa ń jókòó, ó fi mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọmọ ń ṣe eré ìbí Jésù. Ọ̀kan nínú àwọn darandaran fi táwẹ̀lì wé orí, táwẹ̀lì ń já bọ́ sójú rẹ̀, ó sì ń fi ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ tì í padà. Ìyẹ́ áńgẹ́lì kan tú, áńgẹ́lì dẹ́kun ọ̀rọ̀ tó ń sọ, ó bẹ̀rẹ̀ ó mú un. Kí n tó mọ̀, mo ti ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá àgbà yẹn di ọwọ́ mi mú, kò wò mí. Lẹ́yìn eré ni àlùfáà ka ti Ánà, wòlíì obìnrin tó bá ọkọ gbé fún ọdún méje péré kí ọkọ tó kú, tó sì ti di opó arúgbó ẹni ọdún 84 kó tó fojú kan ọmọ náà nínú tẹ́ńpìlì, tó wá ń sọ ti ọmọ náà fún gbogbo àwọn tó ń retí ìgbàlà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ìtàn Kérésì. N kò mọ̀ rí pé opó kan wà níbẹ̀, àti pé wọ́n fún un ní ìròyìn láti kéde.

Ayọ̀ tó wọ inú mi lọ́jọ́ náà kò jí ọkọ mi dìde. Owó ilé ṣì wà níbẹ̀ láti san. Àmọ́ mo gbà lọ́jọ́ náà pé Ọlọ́run wọlé tọ ọmọ aráyé wá nígbà tí ilé ṣì bàjẹ́, kò dúró síta títí a ó fi tún un ṣe. Nígbà tí ọdún tuntun dé, mo ṣí ìbòrí ẹ̀rọ mi, mo nu eruku, mo kán epo sí i, mo sì gba iṣẹ́ àkọ́kọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dárí ji àwọn tó kó ẹrù ọkọ mi lọ lẹ́yìn tó kú. Ìyẹn kò yá, mo ṣì ń ṣe é. Bí ẹ bá gbọ́ tí mo ń sọ pé Jésù fún mi ní ìyè tuntun, ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ lórí àga kan níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, nínú aṣọ dúdú. Bí ìyá àgbà yẹn bá ti dúró kí n rí aṣọ tó yẹ ọdún wọ̀, n kò mọ ibi tí ǹ bá wà lónìí.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìwàásù òpin ọdún wa ti yí sápá kan jù. Bí Disẹ́ńbà bá ti dé, a óò máa gbọ́ pé ọdún kò ní parí kí mọ́tò wa tó dé, kí ilé wa tó parí, kí ìwé ìrìnnà wa tó jáde. N kò ní kí ẹ má gbàdúrà owó. Ẹni tí ebi ń pa, kó bẹ Ọlọ́run fún oúnjẹ, èmi náà ń bẹ̀ Ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ẹni tó jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ 25, tó mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́fà ló kù kí ọdún parí, tí mọ́tò kò dé, tí iṣẹ́ kò dé, tí oyún kò dúró. Ohun tó máa gbọ́ nínú gbogbo ariwo yẹn ni pé Ọlọ́run ti fò ó. Àwọn darandaran yẹn padà sídìí àgùntàn kan náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹni tó ni àgùntàn kò fi kún owó wọn. Síbẹ̀ Lúùkù ní wọ́n ń yin Ọlọ́run lógo bí wọ́n ṣe ń padà lọ. Ẹ wàásù ìyẹn fún wa. Ẹ sọ fún wa pé a lè tún wa bí nínú yàrá kan ṣoṣo tí a háyà, pé ọmùtí lè dìde lọ́jọ́ náà, pé ẹni tó ti ṣẹ́yún, ẹni tó jí owó ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó ti fi ìjọ sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ lè wọlé, kó sì bá Jésù níbẹ̀.

Nígbà tí mo bá ń ronú lórí aṣọ, mo máa ń rántí àwọn arákùnrin àti arábìnrin wa nínú ìjọ Sẹ̀lẹ́. Oshoffa dá ìjọ náà sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dún 1947, Ìmẹ̀kọ ni sàréè rẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni wọ́n máa ń rọ́ lọ ní gbogbo Kérésì, láti Nàìjíríà, láti Bẹ̀nẹ̀, àti láti òkè òkun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò gbà pẹ̀lú ẹ̀kọ́ wọn lórí ohun kan tàbí òmíràn, n kò sì wá dá sí ìyẹn. Ohun tí mo rí ni pé sùtánà funfun ló wà lọ́rùn gbogbo wọn, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́rọ̀ àti ẹni tó yáwó ọkọ̀, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n jọ fi tẹ ilẹ̀ Ìmẹ̀kọ. Lóòótọ́, sùtánà pàápàá lè ní oyè lára. Síbẹ̀ ọmọ tó wọ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ta ló máa mọ̀?

Aránṣọ ló ń bá yín sọ̀rọ̀, aṣọ tuntun ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ọmọ wọ aṣọ tuntun lọ́jọ́ ọdún, kó ya fọ́tò, kó gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n. N kò bẹ̀ yín kí ẹ pa ìyẹn rẹ́. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, ní Ọjọ́ Ìsinmi tó bá ṣáájú Kérésì, kí ẹni tó bá wà lórí pẹpẹ sọ ọ́ ketekete pé kí olúkúlùkù wọ aṣọ tó ní wá, kí ẹni náà sì wọ èyí tí ìjọ ti mọ̀ mọ́ ọn lára fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ìyàwó olùṣọ́-àgùntàn náà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Ojú wà lára yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá mú aṣọ, ẹ jẹ́ kí ẹni tí kò rà á kọrin pẹ̀lú wọn, láàárín wọn, kí wọ́n má fi í sẹ́yìn.

Ẹ fi ìpè owó sílẹ̀ lọ́jọ́ kan yẹn. Ìyókù ọdún ṣì gùn, iṣẹ́ Olúwa kò ní kú. Ẹ gbé àpótí ọrẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹni tó ní ₦100,000 jù ú sínú rẹ̀, kí ẹni tó ní ₦100 jù ú sínú rẹ̀, kí ẹni tí kò ní kọjá. Ìwé gbèsè ìkórè, ẹ má ṣe jẹ́ ká gbọ́ ọ láti Disẹ́ńbà títí ọdún tuntun á fi gbó díẹ̀.

Àwọn ìjọ kan máa ń lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n lásìkò ọdún, wọ́n ń gbé ìrẹsì àti ọṣẹ lọ. Olúwa á san án fún wọn. Ju ìdajì àwọn tó wà lẹ́wọ̀n lórílẹ̀-èdè yìí lọ ni ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi rárá. Bí ẹ bá lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ẹ má fi kámẹ́rà ṣíwájú. Ẹ kọrin pẹ̀lú wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ka Bíbélì, bó ṣe jẹ́ pé opó ni wọ́n fún ní ìròyìn kéde ní tẹ́ńpìlì.

Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ni mo fi èyí tó kẹ́yìn lé lọ́wọ́, torí ẹ̀yin lẹ mọlé. Ìwé orúkọ wà lọ́fíìsì ìjọ. Kí Kérésì tó dé, ẹ jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wo àwọn tí ẹ kò rí láti ìgbà ìkórè. Ẹ ó rí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ, ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ lóyún nílé, ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ìjọ, ẹni tí mo ń wí yìí ti lè kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ẹ lọ sílé. Ẹ lọ ní méjì-méjì, ẹ má pọ̀ jù, kí ojú má baà tún tì í níwájú àwọn ará àdúgbò. Kí ẹni tó bá lọ má ṣe mú ìwé owó ìkórè dání, kó má sì béèrè ìdí tí kò fi wá. Kó sọ fún un pé láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì, òun máa yà wá mú un, àwọn á jọ lọ, àwọn á sì jọ jókòó. Kó sì wá lóòótọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

 

Èmi ni tiyín nínú Olúwa,
Aránṣọ kan, ọmọ ìjọ,
Ìbàdàn